Ìpàdé Ọjọ́ Sátidé: Ọ̀rọ̀ Jẹjẹrẹ Ìfun

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé wa di Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní Tákìé níbi tí a ti máa ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé.

Iṣẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bill Heald ti Basingstoke ní Ìlú Ọba, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láyé ìgbà kan, tí wọ́n bá gé jẹjẹrẹ ìparí ìfun, ó sábà máa ń padà wá. Heald kíyè sí i pé ọ̀rá tó wé mọ́ ìfun níbẹ̀ ni wọ́n ń já sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àrùn náà ń sá pamọ́ sí. Ó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1982: ẹ fara balẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lódindi, bí ẹni ń gbé mọ́ín-mọ́ín kúrò nínú ìkòkò láì já ewé rẹ̀. Kò fi ìmọ̀ yẹn pamọ́. Ó lọ sí Sweden, ó ṣiṣẹ́ abẹ lójú àwọn dókítà ibẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ọ. Ní Stockholm, iye àwọn tí àrùn náà padà sí lára dín kù ju ìdajì lọ. Ẹni tó kọ́ni báyìí, mo kí i gidi gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọdún kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi mu àgbo jẹdíjẹdí, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Kì í ṣe jẹdíjẹdí. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de Sátidé. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà nílùú wa níbí, ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Ẹ mú ọkọ àti aya yín dání.

Akọ̀wé ẹgbẹ́