Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹni Tó Ni Ara Ni Kí Ẹ Bi

Ẹ̀yin àyànfẹ́ nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìrẹsì dání lọ kí arákùnrin wa kan ní Láfẹ́nwá, tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó, ìyá rẹ̀ ni mo kọjú sí: “Màmá, ṣé ó ti jẹun? Ṣé ó ń rí oorun sùn?” Bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kẹ̀kẹ́ tó jókòó sí. Ó rọra ní, “Bàbá, mo ń gbọ́ yín. Ọmọ ọdún 43 ni mí.”

Ojú tì mí. Mo tọrọ àforíjì, mo wá bi òun gan-an pé kí ló fẹ́ kí ìjọ ṣe. Kò dárúkọ oúnjẹ rárá. Ó ní agbára ìyá òun ò gbé e mọ́ láti gbé òun wọ balùwẹ̀. Bí ọkùnrin méjì bá lè máa yà láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, ó parí. Ó ní òun fẹ́ padà sídìí rédíò títúnṣe, ẹni tó máa ti kẹ̀kẹ́ òun dé ṣọ́ọ̀bù lòun ò ní.

Ẹ rántí àwọn mẹ́rin inú Máàkù orí 2. Wọ́n gbé alárùn ẹ̀gbà kan lọ sọ́dọ̀ Jésù, wọ́n ṣí òrùlé nígbà tí wọn ò ráyè kọjá. Àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló dí ẹnu ọ̀nà yẹn o!

Kí ará ìlú máa ran aláìlera lọ́wọ́ báyìí kì í ṣe tuntun ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká, ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ ló gbà wọ́n sílé.

Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àwọn àkàndá lè gbà wọlé. Ọdún 5 ti pé, ó ti kọjá. Àtẹ̀gùn 6 ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn ìsìn, méjì-méjì fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó po sìmẹ́ǹtì, a ó rọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Arákùnrin wa ní òun á wá fi kẹ̀kẹ́ òun gùn ún wò, kó má baà ga jù.