Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìíní sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Owó Ìrìn-àjò Àbújá

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ìdíje eré ìdárayá di oṣù Kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé irun àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n tó wọlé.

Ó wá ku ìrìn-àjò SS2 sí Àbújá, tí owó rẹ̀ kúrò ní ₦140,000 tó di ₦390,000. A ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ilé-ìwé kò fi ọmọ yín ṣòwò. Bọ́ọ̀sì là ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàálù la máa wọ̀ báyìí. Ojú títì láti Ìkẹjà gba Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá ju kìlómítà 700 lọ, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ní òfurufú, kìlómítà 511 ni.

Ẹgbẹ́ Jọ́gírafì wa ló ṣírò 511 yẹn fúnra wọn. Wọ́n fi òwú wọn ọ́n lórí glóòbù tuntun tí a rà, wọ́n tún fi ìlà ìbú àti ìlà òró àwọn pápákọ̀ méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò: kìlómítà 270 sí àríwá, 434 sí ìlà-oòrùn, òfin Páítágórásì lórí onígun mẹ́ta sì parí ìyókù. Ẹ bá wa kí wọn, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Àwọn òbí kan ní bí bàálù bá ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, ó yẹ kó dé ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Kí ló wá dé tí a kọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10, tí a tún ní kí ọmọ dé ilé-ìwé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí? Bàálù kì í bá eré yẹn gbéra nílẹ̀. Ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, kò sì ní pẹ́ lókè kó tó tún máa sọ̀kalẹ̀. Wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì sì ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó bá ti kúrò ní ìdúró rẹ̀, tó ń rá pálá lórí ilẹ̀, tó ń tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú. Ẹ fi àyẹ̀wò ẹrù ọmọ ogójì kún un, àti nǹkan bí kìlómítà 40 láti pápákọ̀ Àbújá sí àárín ìlú.

Bàálù àkọ́kọ́ la yàn, torí bàálù kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́: bí ti àárọ̀ bá pẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ á pẹ́ jù ú lọ. Oṣù Kẹta la sì mú, kí eruku ọyẹ́ tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ ríran ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìbí rẹ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Àtúnṣe tíkẹ́ẹ̀tì ń gba owó. Àpò ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju kílò 7 lọ. Inú rẹ̀ ni pawa báǹkì máa wà, kì í ṣe inú ẹrù tí a fi sí abẹ́ bàálù, torí ó lè gbiná.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù Kìíní la máa ti ìwé orúkọ. A kò ní gba owó díẹ̀díẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì ń wọ́n sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń súnmọ́. Èyí tí a bá ti rà, a kò ní dá owó rẹ̀ padà. Ọmọ tí kò bá lọ kò ní pàdánù máàkì kankan.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé