Ṣé Oko Ni Àbí Jẹ́lé-ó-sinmi?

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà.

Ìyá olóúnjẹ kan tó ti ń bá wa rajà tipẹ́ wọlé ní Sátidé tó kọjá. Ó bá ọmọdé bíi 20 tí wọ́n ń sá kiri nínú poro, ó bá àwọn ìyá wọn lábẹ́ igi máńgòrò, kò sì bá ìdì ewédú kan ṣoṣo nílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ṣé oko lẹ ń dá ni àbí jẹ́lé-ó-sinmi lẹ ṣí?" Èmi rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó jàre. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n ṣàlàyé fún gbogbo yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ẹ̀gbẹ́ Mọ́níyà n'Ìbàdàn níbí tipẹ́ mọ̀ pé igbó àti oko ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Èkó wá já síbẹ̀, ilẹ̀ di wúrà. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù di ilé, èyí tí wọn ò tíì kọ́lé sí, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ní àdúgbò tiwa, igi tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan lé e, inú oko wa ló kù sí.

N kò jókòó pinnu pé kí àwọn ìyá yìí àtàwọn ọmọ wọn máa bọ̀. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ló kọ́kọ́ wá, lóṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá. Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, páànù lásán lórí wọn, iná ò sí, ara ọmọ ti sú fún ooru. Ó bẹ̀ mí pé kí òun jókòó títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú aládùúgbò rẹ̀ dání. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí wọ́n ti pé 6. Ẹnì kan wà nínú wọn tí kì í sọ̀rọ̀. Á kí wa, á jókòó, á máa já ewédú tí a bá gbé síwájú rẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á dìde á lọ. A ò bi í ní nǹkan kan. Títí dòní a ò tíì bi í.

Ọkọ mi kan bẹ́ǹṣì 3. Nígbà tó yá, a ya bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ 8 sọ́tọ̀ fún wọn nínú 40 tí a ní. Tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ó ti tó já. Ohun tí wọ́n bá gbìn, tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilá, torí ọ̀pọ̀ yín ló bi mí pé kí ló dé tó fi wọ́n lóṣù tó kọjá. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe kòkòrò. Ẹ mọ òdòdó ilá, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí inú rẹ̀ pọ́n dòdò? Ọjọ́ kan péré ló fi ń là. Ibi tó bá ti rọ ni ilá ti ń yọ: òdòdó kan, ilá kan. Àwọn ọmọbìnrin wa já wọn, wọ́n kì wọ́n bọ irun, wọ́n ń ṣe ìyàwó! Kí n tó mọ̀, bẹ́ẹ̀dì 2 ti ṣófo. Mi ò ní purọ́, mo pariwo gan-an. Àgbà ìyàwó nínú wọn, ọmọ ọdún 6, ni mo wá fi ṣe ọlọ́dẹ ilá. Ẹ fọwọ́ kan òdòdó kan báyìí kẹ́ ẹ rí nǹkan.

Ó dáa. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ìyá àtàwọn ọmọ lè ráyè, a ò ní máa tajà ní Sátidé kí aago 2 ọ̀sán tó lù. Ọjọ́ yòókù ò yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná tà, ẹ pè wá kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. A ó já ẹ̀fọ́ yín nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, a ó fi àpò tútù bò ó, ẹ ó wá gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá olóúnjẹ wa, ìdì 10 tiyín ti wà nínú ìwé.

Ẹlòmíì ti ń sọ pé nítorí àwọn ọmọ yìí la ṣe fi ₦50 lé ewédú. Rárá o. Epo tí ẹ̀rọ fi ń fa omi ló lé e. Ní ti ààbò àwọn ọmọ, kànga wà lábẹ́ ìdérí kọnkéré, àgádágodo wà lára rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ wà lẹ́yìn ọgbà títí yóò fi jẹrà dáadáa, ọmọdé kì í dé ibẹ̀. Omi ewé dóńgóyárò nìkan la fi ń lé kòkòrò, ọjọ́ Mọ́ńdè la sì ń wọ́n ọn.

Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì dé ní Sátidé kí aago 2 tó lù, ẹ má padà sílé. Bẹ́ǹṣì wà, omi wà nínú àmù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ewédú síwájú yín, ẹ bá wa já a.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́