"Timeout" kò túmọ̀ sí pé router ti kú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè ká bá àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléèwé, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ amójútó bá ti kọ "timeout" síwájú router kan, ọ̀pọ̀ ló ń sáré lọ pa á kí wọ́n tún un tàn, àwọn mìíràn a ra tuntun. Ohun tí "timeout" wí kò ju pé ìbéèrè lọ, èsì kò dé. Inú àkọsílẹ̀ ìbéèrè àti èsì wọ̀nyí lẹ ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti já.

SNMP ni èdè tí ẹ̀rọ amójútó (sáfà) àti router fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìbéèrè sì ń gba port (ẹnu ọ̀nà) 161 ti UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọlé sí router. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, request-id. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni èsì máa gbé bọ̀. Ẹ tẹ àṣẹ yìí, tó ń fi ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde hàn, lórí sáfà: tcpdump -ni eth0 udp port 161. Bí ìbéèrè bá ń jáde, tí èsì kankan kò wọlé, tí ping (ìdánwò bóyá router ń dáhùn) sì ń lọ geerege, community, ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ aṣínà tí router fi ń mọ ẹni tó lè béèrè, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú v2c, ẹ̀dà SNMP kan tó ń lo community, router kì í sọ fún ẹni tó ṣì í kọ pé ó ṣì í. Ṣe ló máa dákẹ́. Lẹ́tà ńlá kan péré tó láti fà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì sáfà ṣì wà lára àwọn tí router gbà láàyè.

Bí èsì bá ń dé lẹ́yìn tí sáfà ti tún ìbéèrè kan náà fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn router. Ẹ fi kún àkókò ìdúró, kí ẹ sì dín ohun tí ẹ ń béèrè kù.

v3, ẹ̀dà SNMP tó ń lo orúkọ aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà, ní tirẹ̀ máa ń sọ ẹ̀sùn rẹ̀ síta. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 1.3.6.1.6.3.15.1.1.3.0 nínú èsì, router kò mọ orúkọ yẹn. Bó bá jẹ́ 5.0 ló gbẹ̀yìn rẹ̀ dípò 3.0, ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò bá ara mu. 4.0 tó bá yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àléébù, bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀ nìyẹn. 2.0 tí kò yéé padà wá ni kí ẹ fura sí: aago sáfà àti ti router ti fi ju 150 ìṣẹ́jú-àáyá lọ yàtọ̀ síra, tàbí router méjì ń lo engine ID (àmì ìdánimọ̀ router) kan náà, nítorí pé ẹnì kan da ètò ọ̀kan kọ sórí èkejì.

Ẹ tún kíyè sí sysUpTime, òǹkà iye àkókò tí router ti fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 497 ló máa ń padà sí òdo fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ amójútó á sì máa pariwo pé router kú, ó jí.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn wá gidigidi. Gbangba ni community máa ń hàn nínú àkọsílẹ̀ v2c. Kí ẹ tó fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́, ẹ pa community rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Àwa olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì,
Ìbàdàn