Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń gbá nọ́ńbà síìsì ní Ṣágámù

Àbúrò mi, báwo ni? Màámi pè mí lálẹ́ àná, wọ́n ní o ti ju bàtà bọ́ọ̀lù ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o ò lọ sí fíìdì mọ́ látọjọ́ tí kóòṣì yín ti ní kó o máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nírọ̀lẹ́, o ní àbùkù ni, pé àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀lù wọlé nìkan ni wọ́n máa ń rí, ìwọ tó ń já bọ́ọ̀lù gbà fún wọn ni wọ́n wá sọ di tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi. Mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ṣe wá níkà fún ẹ.

Didier Deschamps. Òun náà ni, kóòṣì Faransé tó lé wa kúrò ní World Cup ní Brazil lọ́dún 2014, 2-0, Pogba forí gbá àkọ́kọ́ wọlé, èkejì wá jẹ́ pé Yobo tiwa ló gbá a sílé wa. (Gọ́ọ̀lù Emenike tí wọ́n fagi lé lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí.) Kó tó di kóòṣì, ipò tìẹ yìí gan-an ló ń gbá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó já bọ́ọ̀lù gbà kó sì gbé e fáwọn tó lẹ́sẹ̀ dídùn. Cantona, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún Faransé, wá fi bú u, ó ní apọnmi ni.

Apọnmi! Ṣé o rántí ìgbà tí kànga ẹ̀yìnkùlé gbẹ, témi pẹ̀lú ẹ ń gbé kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ kùtù? Ẹni tó ro ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n máa ń yìn. Ṣùgbọ́n àwa la mọ iye omi tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù, àwa la mọ yàrá tí wọ́n ti ń fi ṣòfò, àwa la mọ ẹni tó máa pariwo kó tó pariwo.

Apọnmi yẹn ni balógun Faransé tó gba World Cup 1998 àti Euro 2000 (balógun bọ́ọ̀lù ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Ojúde Ọba). Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2001, Monaco ní kó wá ṣe kóòṣì àwọn lọ́dún yẹn náà, nígbà tó fi máa di 2004 ó ti gbé wọn dé fáínà Champions League, Porto ti Mourinho ló lù wọ́n 3-0. Wọ́n já Juventus sí Serie B, líìgì kejì ní Ítálì, ní 2006, òun ló lọ bá wọn níbẹ̀, tó fà wọ́n padà sókè. Ní 2018 ó wá gba World Cup gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, 4-2, Croatia ló jẹ ẹ́. Zagallo ti Brazil àti Beckenbauer ti Jámánì nìkan ló ti gbá a gbà, tí wọ́n tún ṣe kóòṣì gbà á, ṣáájú ẹ̀.

Ọjọ́ tá a lọ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nẹ́ ńkọ́? Gbogbo èèyàn ń pariwo, ìwọ fẹnu sí mi létí pé ó ti rẹ fúlúbáàkì àwọn àlejò, pé ọ̀nà ibẹ̀ ni gọ́ọ̀lù máa gbà. Ká tó jẹ ẹ̀pà tán, ó ti wọlé. Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí Màámi. Fèrè ni kó o fi rà o, má fi ra gàrí. Àwọn ọmọ yẹn ń dúró dè ẹ́ ní Mọ́ńdè.

Bọ̀ọ̀dá ẹ.