Sí ẹ̀yin ọmọ wa ní Amẹ́ríkà: ẹ mọ ọ̀nà ìyọ̀ǹda ọmọ, kí ẹ sì mọ ọ̀nà àtigbà á padà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o, tọkùnrin tobìnrin: ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, àti ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ni mo sì pẹ́ sí jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe irú èyí tí àwa àgbà máa ń là sílẹ̀ níwájú ọmọ. Ẹnu wa kì í gbà á. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ máa ń pa ọmọ, ó sì máa ń sọ ìyá ọmọ dèrò ẹ̀wọ̀n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bí ọmọbìnrin kan bá lóyún tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, tó bímọ, tí kò sì rí bí yóò ṣe tọ́jú ọmọ náà, òfin wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó gbà á láyè láti fa ọmọ náà lé ọwọ́ àwọn tó máa tọ́jú rẹ̀, kó sì máa lọ. Bí wọn kò bá ti fi ìyà jẹ ọmọ náà, tó sì wà láàárín ọjọ́ orí tí òfin ìpínlẹ̀ náà sọ, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó gbé ọmọ jù. Safe Haven ni wọ́n ń pe òfin yìí. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ohun tí ẹ kì í sábà gbọ́ ni apá kejì: òbí tó yọ̀ǹda ọmọ lè tún inú rò, kó padà wá béèrè ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí òfin fún un kì í gùn. Nítorí apá kejì yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe òfin náà, lọ́dún 1999, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń rí ọmọ tuntun tí wọ́n gbé jù ní agbègbè Houston lọ́tùn-ún lósì. Orúkọ Mósè inú Bíbélì ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ létí odò kí wọ́n má baà pa á. Lójú tèmi, orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. Ìyá Mósè kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó yè ni. Ẹ sì rántí pé ọmọ náà padà sí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wo ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Lónìí, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára báńdì, okùn kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lára tí wọ́n sì ń fún ìyá ní irú rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yẹn ní àwọn ìpínlẹ̀ kan.

Ẹ wo bó ṣe ń rí ní California, níbi tí òfin tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001. Ìyá gbé ọmọ tí kò tíì ju wákàtí 72 lọ wá sí ilé ìwòsàn, tàbí sí ilé iṣẹ́ panápaná tí wọ́n yàn fún un. Ó fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn kò ní fi dandan béèrè orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà á mú báńdì méjì tí nọ́ńbà kan náà wà lára wọn, á so ọ̀kan mọ́ ọmọ ní ọrùn ẹsẹ̀, á sì na èkejì sí ìyá. Wọ́n á tún fún un ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè nípa àìsàn inú ìdílé àti nípa ìlera rẹ̀ nígbà oyún. Kò pọn dandan kó kún un níbẹ̀. Ó lè mú un lọ, kó fi ránṣẹ́ padà. Mo bẹ̀ yín, bí ó bá kàn yín tàbí ọ̀rẹ́ yín, ẹ kún fọ́ọ̀mù náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà bá wà nílé yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá dàgbà, tí dókítà bá bi í ní ìbéèrè nípa ìdílé rẹ̀, ìwé yẹn nìkan ni yóò lè dáhùn.

Òfin yìí kò rí bákan náà káàkiri, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Texas gba ọmọ tó tó ọjọ́ 60. New York àti Illinois gba ọjọ́ 30. Ní Florida, ọjọ́ 7 péré ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ni wọ́n sún un dé ọjọ́ 30. Ohun tí ẹnìkan sọ fún ẹ ní ìpínlẹ̀ tí ó ti ń bọ̀ lè má bá ti ìpínlẹ̀ tí o wà mu. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2016 ní ìlú Woodburn ní Indiana, wọ́n tún ti ń kan àpótí kan mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ panápaná. Ojú kì í rí ojú níbẹ̀: o gbé ọmọ sínú rẹ̀, o ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á há látìta, aláàmù á sì dún fún àwọn tó wà nínú ilé. Mi ò bá àpótí náà jà, nítorí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ sàn ju ọmọ tó wà nínú igbó lọ. Síbẹ̀, bí agbára rẹ bá gbé e, fà á lé ènìyàn lọ́wọ́. Ènìyàn lè wo ojú rẹ kó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ. Àpótí kò lè ṣe ìyẹn.

Nebraska ni kí ẹ fi kọ́gbọ́n lórí bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn òbí. Lọ́dún 2008, nígbà tí òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn kọ "ọmọ" síbẹ̀, wọn kò sọ ọjọ́ orí. Kí ni wọ́n rí? Kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ tó ń ṣàìsàn ọpọlọ tí òbí rẹ̀ ti wá ìrànlọ́wọ́ títí kò rí. Àwọn kan wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ míì wá. Bàbá kan kó ọmọ mẹ́sàn-án lọ sí ilé ìwòsàn ní Omaha lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n yí òfin náà padà sí ọjọ́ 30. Èmi kò gbà pé òbí burúkú ni gbogbo wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára wọn ni, tí wọ́n sì rí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìpadàbọ̀.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bímọ rí kì í mọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọmú á wú, á le, wàrà á máa jò sára aṣọ, bóyá ọmọ wà lọ́wọ́ obìnrin náà o, bóyá kò sí. Ìgbà yẹn náà ni omi ẹkún máa ń sún mọ́ ojú jù. Ìyá tó ti yọ̀ǹda ọmọ tó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí lè jí lọ́jọ́ yẹn kó máa wá ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe wèrè, ara ló ń rántí. Bí ọkàn rẹ bá sọ fún ẹ nígbà yẹn pé "mo fẹ́ ọmọ mi", má fi ìtìjú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ á fi kọjá.

Nítorí ọjọ́ ń kọjá. California fún òbí ní ọjọ́ 14 láti padà wá béèrè. Michigan fún un ní ọjọ́ 28, ilé ẹjọ́ ló sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí. Illinois fún un ní ọjọ́ 60, ilé ẹjọ́ náà ni. Ní Florida, ó lè béèrè títí di ìgbà tí adájọ́ bá fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ pé òun kì í ṣe òbí ọmọ náà mọ́ lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, níbi yòówù kó jẹ́, ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹ má rò pé báńdì nìkan tó. Òfin California sọ ọ́ kedere pé níní báńdì lọ́wọ́ kò fi hàn pé ìwọ lo ni ọmọ, kò sì fún ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ọmọ tí ò ń sọ. Wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò DNA. Wọ́n lè wá wo ilé tí ò ń gbé, kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa ràn ẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó lé ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Má bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Dáhùn wọn lótìítọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan ló ń lù ẹ́, sọ ọ́, kí o sì sọ ibi tí o ti kó lọ. Bí ó bá jẹ́ pé o kò ní ibùsùn, sọ ẹni tó gbà ẹ́ sílé. Adájọ́ ń wá ohun tí yóò ṣe ọmọ náà lóore, ẹni tó bá sì mú ètò wá lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó mú ẹkún nìkan wá. Wá lọ́yà. Bí owó kò bá sí, béèrè àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ ní county tí o wà, kí o sì sọ fún wọn pé Safe Haven ni, kí wọ́n má baà to ọ̀rọ̀ rẹ sẹ́yìn àwọn míì.

Ní Illinois, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìgbàtọ́ ló máa ń gba ọmọ náà, ó sì lè ti wà lọ́wọ́ tọkọtaya tó ti ń fojú sọ́nà fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn yẹn náà ń dìde lóru fún un, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ọkàn wọn ti ń so mọ́ ọn. Wọn kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ kan fi jọ ọdún kan nínú irú ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọbìnrin tí ẹ bá lò pọ̀ lè bímọ kó sì yọ̀ǹda rẹ̀ láìsọ fún yín. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ọkùnrin tó bá rò pé òun ni bàbá ọmọ lè fi orúkọ sí. Ní Illinois, kí ó tó di ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ ni kí ẹ ti ṣe é, ilé iṣẹ́ ìgbàtọ́ sì gbọ́dọ̀ yẹ ìwé náà wò. Bí ẹ bá mọ̀ pé oyún wà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ má sá. Ìbẹ̀rù ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tí oyún wà nínú rẹ báyìí tí ẹnì kankan kò mọ̀, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Jọ̀wọ́, má dá bímọ nínú ilé ìwẹ̀. Ìyá lè sun ẹ̀jẹ̀ débi pé kò ní lè dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ tuntun tó tutù kì í pariwo, ńṣe ló ń dákẹ́ lọ. Láti ọdún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà pé ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare, ìyẹn ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, tó sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì kò gbọdọ̀ lé obìnrin tó ń rọbí padà, ì báà má ní ìbánigbófò ìlera, ì báà má ní ìwé ìgbélùú. Lọ síbẹ̀ kí o bímọ. Lẹ́yìn náà, bí o kò bá ní lè gbé ọmọ náà lọ, sọ fún nọ́ọ̀sì. Àwa nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ọ rí. Bí ọkàn rẹ bá wúwo, 1-833-852-6262 ni nọ́ńbà ìjọba fún aláboyún àti abiyamọ, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì ń gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á lẹ́yìn àwọn ọmọ yín: bí ẹ bá ti sọ lójú ọmọbìnrin yín rí pé "bí o bá lóyún, má wọlé mi mọ́", ẹ padà lọ sọ òdìkejì rẹ̀ fún un lónìí. Kò gbàgbé.

Ẹni tó bá sì ti yọ̀ǹda ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, fi lẹ́tà mi sílẹ̀ ná. Wá báńdì rẹ tàbí ìwé tí wọ́n fún ẹ jáde. Pe ibi tí o gbé ọmọ fún, sọ ọjọ́ àti wákàtí tí o débẹ̀, kí o sì sọ pé o fẹ́ béèrè ọmọ rẹ. Kọ orúkọ ẹni tó bá dá ẹ lóhùn sílẹ̀. Bí o kò bá rí báńdì náà mọ́, pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Èmi ni, ìyá yín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.