Ẹni tó wà lókè láàbù ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ìjọba fòfin de gbogbo ìwádìí lórí fáírọ́ọ̀sì tó ń pani. Mo sì ka ti ẹni tó fèsì pé ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. N ò bá ìkankan nínú wọn lọ.

Ẹni ìkẹyìn tí ṣọ̀pọ̀ná pa láyé (àwọn bàbá wa kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é) kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò àrùn. Ayafọ́tò ni Janet Parker nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Birmingham. Yàrá tó ti ń fọ fọ́tò wà lókè láàbù tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ṣọ̀pọ̀ná. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní August 1978, ó sì kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n jiyàn títí lórí ọ̀nà tí àrùn náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ibà Lassa tiwa náà. Lọ́dún 1969 tí wọ́n gbé e dé Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Jordi Casals, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kó o, ó sì yè é. Òṣìṣẹ́ láàbù kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ ò kan Lassa ni àrùn náà pa. Síbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ irú iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń dá Lassa mọ̀ yàtọ̀ sí ibà lásán ní ilé ìwòsàn Irrua, ní ìpínlẹ̀ Edo, lónìí. Ìdí nìyí tí n ò fi ní ká ti ilẹ̀kùn pa.

Ti Ron Fouchier, onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Rotterdam nílẹ̀ Netherlands, ló kọ mí lóminú. Ó ń gbé H5N1, fáírọ́ọ̀sì àrùn adìyẹ, láti ara ferret (ẹranko kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣèwádìí) kan sí òmíràn nígbà mẹ́wàá, títí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ ràn. Lọ́dún 2011, ariwo tó gbòde ni pé ṣé kí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde àbí kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ jù! Fáírọ́ọ̀sì náà ti wà nínú fìríìsà.

Kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti jókòó, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ àti aládùúgbò sì wà níbẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá kan ló ń fọ aṣọ funfun wa, ilé rẹ̀ ló sì ń kó wọn lọ. N ò rí i rí ní ìpàdé ààbò kankan.

Òṣìṣẹ́ láàbù tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.